Níbo ni kí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti kọ́ kóòdù lórí íntánẹ́ẹ̀tì? Òṣogbo ni mo wà, owó ò sì pọ̀ lọ́wọ́

Àṣàkẹ́Aláró
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo ń wá. Mo ti parí ND, mò ń dúró de HND, mo sì ń bá màmá mi ta àdìrẹ ní Òkè-Fìà. Mo fẹ́ kọ́ kóòdù, ṣùgbọ́n orúkọ ìkànnì tí wọ́n ń dá fún mi ti pọ̀ jù: freeCodeCamp, Codecademy, CS50, The Odin Project, Udemy, Coursera, Sololearn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ san owó Codecademy, òmíràn ní ẹni bá sanwó ti da owó nù. Fóònù Android ni mò ń lò jù. Mo ní láptọ́ọ̀pù àlòkù kan, gíìgì 4 ni RAM ẹ̀, tí wọ́n bá sì ti mú iná lọ báyìí, bátìrì ẹ̀ kì í pẹ́ kú. Dátà náà ò ṣeé fi ṣeré. Èwo ni kí n mú nínú wọn? Ṣé èdè kóòdù Python ni kí n fi bẹ̀rẹ̀ ni àbí HTML?

ỌmọÒròkí
Mú gbogbo ẹ̀! Tó bá fi máa di ọdún tó ń bọ̀, wàá ti ní sátífíkéètì méje, o ò sì ní lè kọ ìlà kan. 😂

Ẹ̀gbọ́nKóòdù
Àbúrò, má dá ẹni yẹn lóhùn, àwàdà ló fi ń jẹun.

Tó bá jẹ́ iṣẹ́ wẹ́ẹ̀bù lo fẹ́, freeCodeCamp ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Quincy Larson ló dá a sílẹ̀ ní 2014, àjọ tí kì í wá èrè ni, kò sì síbi tí wọ́n ti máa béèrè nọ́ńbà káàdì báǹkì lọ́wọ́ ẹ kó o tó ríṣẹ́ ṣe. HTML, èdè tí wọ́n fi ń to ojú ewé wẹ́ẹ̀bù, ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ èèyàn. Ojú ewé fọ́tò ológbò ni wọ́n máa ní kó o ṣe (bẹ́ẹ̀ ni, ológbò, fara mọ́ ọn bẹ́ẹ̀). Wàá kọ ìlà kan, wàá tẹ bọ́tìnnì, wọ́n á sọ fún ẹ bóyá ó tọ̀nà tàbí kò tọ̀nà, ó di ìlà tó kàn. Kí wọ́n tó fún ẹ ní sátífíkéètì Responsive Web Design, wàá fọwọ́ ara ẹ kọ́ iṣẹ́ márùn-ún jáde, láìsí ẹni tó ń di ẹ́ lọ́wọ́ mú: fọ́ọ̀mù ìwádìí, ojú ewé tá a fi ń yẹ́ èèyàn kan sí, ojú ewé ìpolówó ọjà, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àdìrẹ màmá ẹ gan-an lo lè fi ṣe ti ìpolówó ọjà.

Tó o bá ṣe ìyẹn tán, kọjá sí The Odin Project. Ọ̀fẹ́ lòun náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ẹni tó lè dá ṣiṣẹ́.

FóònùNìkan
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní láptọ́ọ̀pù lẹ máa ń sọ̀rọ̀ báyìí. Fóònù ni mo fi bẹ̀rẹ̀, inú kòrópè láàárín Old Garage sí Ìgbọ̀nà ni mo ti ka èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Sololearn dáa fún ìbẹ̀rẹ̀, Mimo náà bẹ́ẹ̀: ẹ̀kọ́ kúkúrú, ìbéèrè, ó tán. Dátà díẹ̀ ló ń jẹ nítorí pé ọ̀rọ̀ ló pọ̀ ńbẹ̀, kì í ṣe fídíò. Grasshopper táwọn kan ṣì ń dárúkọ, Google ti pa á dé ní 2023, kó o má wulẹ̀ wá a kiri.

Tó bá wá di Python gidi, gba Pydroid 3 sórí fóònù ẹ. Tó o bá ti gbà á tán, wàá máa kọ kóòdù, wàá sì máa rí àbájáde ẹ̀ láìtan dátà.

TísàAyétòrò
FóònùNìkan ò parọ́, ó kàn dín ọ̀rọ̀ kù ni. Àwọn áàpù yẹn, ìdáhùn kan nínú mẹ́rin lèèyàn ń tẹ̀, tàbí kó fa ọ̀rọ̀ kan wọ inú àlàfo. Inú èèyàn á dùn pé òun gbà á. Ṣùgbọ́n gbé ojú ewé òfìfo fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, kó o wá wo bó ṣe máa ń wò. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà, ojoojúmọ́ ni mò ń rí i.

Ohun tí mo máa ń wò lára ìkànnì kò ju ọ̀kan lọ: ta ló ń kọ ìlà àkọ́kọ́? Lórí Codecademy, ojú ewé ti pín sí mẹ́ta: àlàyé lápá òsì, kóòdù láàárín, àbájáde lápá ọ̀tún. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n ti kọ apá kan kóòdù náà sílẹ̀ dè ẹ́, ìwọ á kàn fi èyí tó kù sí i. Ó mọ́ tónítóní, ó rọrùn, àlàyé wọn sì yéni. Ọdún 2011 ni wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n mọṣẹ́ wọn. Àmọ́ èyí tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ ńbẹ̀ ò pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, dọ́là sì ni wọ́n ń gbà fún ìyókù. freeCodeCamp náà ń di èèyàn lọ́wọ́ mú níbẹ̀rẹ̀, àmọ́ ó ń já a sílẹ̀ níbi iṣẹ́ márùn-ún tí Ẹ̀gbọ́nKóòdù sọ yẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ẹ ju Codecademy lọ, kì í ṣe torí ọ̀fẹ́ nìkan.

Àṣàkẹ́, ṣe ohun kan fún mi lónìí. Gba Pydroid, kó o tẹ ìlà méjì yìí sínú ẹ̀ bó ṣe wà gan-an:

iye = input("Yáàdì mélòó? ")
print(iye * 3500)

Ká ní 3500 náírà ni wọ́n ń ta yáàdì kan. Tó bá béèrè, fi 4 dá a lóhùn. Kó o wá sọ ohun tó o rí fún wa.

Àṣàkẹ́Aláró
Tísà, ẹ gbà mí o! Mo rò pé 14000 ló máa jáde. 4 ló ń jáde, 4444444444, ó kún ojú fóònù mi, mò ń fà á sísàlẹ̀, kò tán. Ṣé mo ti ba fóònù jẹ́ ni?

ỌmọÒròkí
Oníbàárà tó ra yáàdì mẹ́rin tí wọ́n gbé irú owó yẹn ka iwájú ẹ̀, àfi kó sá gba ọ̀nà Ọláìyá.

TísàAyétòrò
Fóònù ẹ ò ní nǹkan kan. Ohunkóhun tí èèyàn bá tẹ̀ sínú `input`, ọ̀rọ̀ ni Python kà á sí, kì í kà á sí nọ́ńbà. 4 tó o tẹ̀ yẹn, lójú ẹ̀, kò yàtọ̀ sí "a" tàbí "b". O ní kó sọ ọ́ di ìlọ́po 3500, ó wá kọ 4 ní ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, títí tó fi pé 3500. Iṣẹ́ tó o rán an ló jẹ́. Tún ìlà àkọ́kọ́ kọ báyìí:

iye = int(input("Yáàdì mélòó? "))

`int` yẹn ló ń sọ ọ̀rọ̀ di nọ́ńbà. Tún un ṣe, 14000 máa jáde. O sì rí i pé `iye` ni mo kọ, mi ò lo èdè òyìnbó. Tó o bá fẹ́ kọ ọ́ ní `owó` tàbí `àpapọ̀`, pẹ̀lú àmì ohùn àti gbogbo ẹ̀, Python 3 máa gbà á lọ́wọ́ ẹ.

Ìdí tí mo fi ní kó o ṣe é nìyí: nínú áàpù tó ń fún èèyàn ní ìdáhùn mẹ́rin, o ò ní rí 4444 yẹn láé. Lórí CS50P wàá rí i, torí wọn ò kọ nǹkan kan sílẹ̀ dè ẹ́.

Àṣàkẹ́Aláró
Ó ti ṣe é!! 14000. Ẹ ṣé gan-an sà. Kí ni CS50P? Ṣé ó yàtọ̀ sí CS50?

TísàAyétòrò
Ilé ẹ̀kọ́ gíga Harvard ní Amẹ́ríkà ló ni méjèèjì, David Malan ló ń kọ́ wọn. CS50 gan-an, èyí tí wọ́n ń pè ní CS50x, fẹ̀ gan-an. Scratch ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn èyí téèyàn ń fi eku kó búlọ́ọ̀kù jọ. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n á gbé èdè C kà ẹ́ níwájú, wọ́n á ní kó o fi àmì # kọ́ òkè bíi ti inú géèmù Mario, kí ìlà àkọ́kọ́ jẹ́ # kan, èkejì méjì, kó sì fara ti apá ọ̀tún. Ẹ má fojú di í o! Àlàfo tó gbọ́dọ̀ ṣáájú # lórí ìlà kọ̀ọ̀kan ló máa ń ṣe àwọn ọmọ mi báṣubàṣu. Ó di ọ̀sẹ̀ kẹfà kí wọ́n tó dé Python, lẹ́yìn náà SQL (èdè tá a fi ń wá nǹkan nínú àkójọ ìsọfúnni), HTML àti JavaScript, Flask (tá a fi ń fi Python kọ́ ìkànnì). Ẹni tó bá ṣe é dópin ti mọ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ronú.

CS50P, Python nìkan ni. Ó rọ̀ ju CS50x lọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ `input` àti `int` tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí wà nínú ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ gan-an. Tó o bá ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fún ẹ tán, nǹkan kan wà tó ń jẹ́ check50 tó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tó dáa, á fi ojú ẹ̀rín aláwọ̀ ewé hàn ẹ́. Èyí tí kò dáa, ojú ìbànújẹ́ pupa, á sì sọ fún ẹ pé "ohun tí mò ń retí nìyí, ohun tó o fún mi nìyí". Sátífíkéètì tiwọn fúnra wọn, ọ̀fẹ́ ni. Ti edX, ìkànnì ẹ̀kọ́ tó tún gbé e síta, ni wọ́n ń gbowó lé.

Ẹ̀gbọ́nKóòdù
Tísà, níbi Python yìí ni mi ò ti bá yín lọ. Ọmọ tó fẹ́ fi ọjà màmá ẹ̀ hàn fáráyé, kí ni Python fẹ́ ṣe fún un lóṣù yìí? HTML, CSS tó ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, àti JavaScript tó ń mú un ṣiṣẹ́ ló máa jẹ́ kó rí nǹkan tó lè ṣí lórí fóònù tí màmá máa fi hàn àwọn oníbàárà. Èèyàn tó bá rí èso iṣẹ́ ẹ̀ kíákíá kì í tètè dáwọ́ dúró.

TísàAyétòrò
Ọ̀rọ̀ yín lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ìlà méjì yẹn lọ sínú JavaScript, kẹ́ ẹ lo `prompt` dípò `input`. "4" * 3500 máa fún yín ní 14000, kò sí wàhálà, JavaScript á ti sọ ọ̀rọ̀ di nọ́ńbà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Àṣàkẹ́ á ní òun ti mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ tó bá wá fẹ́ ṣe ìròpọ̀, "4" + 3500, 43500 ló máa jáde. Kò ní pariwo, kò ní fi àmì pupa hàn. Á fi gbé owó tí kò tọ́ fún oníbàárà. Ní ti Python, tó bá gbìyànjú ìròpọ̀ yẹn, ibẹ̀ ló máa dúró sí tó máa kọ TypeError. Èdè tó ń tètè sọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́nKóòdù
Ẹ ti gbá mi mú níbẹ̀ yẹn. 😄 Síbẹ̀, mi ò yí ọkàn padà. HTML àti CSS fún oṣù kan, kó tó bọ́ sí èyíkéyìí.

BàbáÌbejì
Ẹ kú ìjíròrò o. Ó jọ pé èmi ni mo dàgbà jù níbí, Abẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, torí pé Excel ti sú mi ni mo fi bẹ̀rẹ̀ Python. Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ lórí owó, torí ẹ ò tíì kàn án dáadáa.

Udemy, kì í ṣe ìkànnì kan tí ẹ̀kọ́ ẹ̀ dọ́gba. Ọjà ni, olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ló ń gbé tirẹ̀ wá. Ẹ má ra nǹkan kan ńbẹ̀ ní iye tí wọ́n kọ́kọ́ kọ sára ẹ̀, wọn kì í pẹ́ já owó lé e. Ohun tó dáa ńbẹ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá ti rà á, ẹ lè gba fídíò sínú áàpù fóònù kẹ́ ẹ máa wò ó láìsí dátà. Coursera, àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ló kún ibẹ̀. Téèyàn ò bá lówó, ó lè kọ̀wé béèrè ìrànlọ́wọ́ owó, kó ṣàlàyé ara ẹ̀, kó sì dúró bí ọ̀sẹ̀ méjì fún èsì. Èyí tí gbogbo èèyàn máa ń yìn ńbẹ̀ ni Python for Everybody ti University of Michigan, Charles Severance tí wọ́n ń pè ní Dr. Chuck ló ń kọ́ ọ. Kẹ́ ẹ tó kọ̀wé béèrè ohunkóhun, ẹ lọ wo py4e.com. Ẹ̀kọ́ kan náà ni, ọ̀fẹ́ ni, ìwé ẹ̀ náà wà níbẹ̀ ní PDF. Ọkùnrin náà ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kì í kánjú. Fún irú àgbà bíi tèmi, ó bá mi lára mu.

Èmi ò rídìí tí ọmọ tó ń bẹ̀rẹ̀ á fi na kọ́bọ̀ lórí ẹ̀kọ́ báyìí. Owó yẹn, dátà ni kó fi rà.

Àṣàkẹ́Aláró
Bàbá Ìbejì, ẹ ṣé sà. Ẹ ò ní ṣìnà owó. Ṣùgbọ́n sátífíkéètì ńkọ́? Ṣé tí mo bá ní ti ọ̀fẹ́ wọ̀nyí, wọ́n á kà mí sí níbi iṣẹ́?

Àdùkẹ́Berlin
Òṣogbo ni wọ́n bí mi, Jámánì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, mo sì máa ń wà níbi tí wọ́n ti ń fọ̀rọ̀ wá àwọn tó ń wáṣẹ́ lẹ́nu wò. N ò lè sọ̀rọ̀ fún gbogbo ilé iṣẹ́. Níbi tí mo wà, tẹ́nì kan bá kọ sátífíkéètì mẹ́wàá sínú CV, a kì í ṣí ọ̀kan nínú wọn. Ojú ewé ẹ̀ lórí GitHub, ìkànnì táwọn tó ń kọ kóòdù ń kó iṣẹ́ wọn sí, la máa ń ṣí. A ó mú iṣẹ́ kan níbẹ̀, a ó ní, "Ìlà yìí, kí ló dé tó o fi kọ ọ́ báyìí?" Ẹni tó wo fídíò tó sì ń ṣe bí olùkọ́ ṣe ṣe, ibẹ̀ ni ohùn ẹ̀ ti máa ń lọ sílẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ The Odin Project ju gbogbo wọn lọ, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ó le. Wọn ò ní àpótí tó ń sọ fún ẹ pé o gbà á. Wọ́n á ní kó o kọ́ kakulétọ̀, wọ́n á júwe bó ṣe gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́, ó parí. Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n á ti ní kó o máa lo Git, tó ń tọ́jú gbogbo àtúnṣe tó o bá ṣe sí kóòdù ẹ, kó o sì gbé iṣẹ́ ẹ sórí GitHub, nítorí náà tó o bá dé ìdajì, nǹkan tó o lè fi hàn èèyàn ti wà nílẹ̀.

FóònùNìkan
Àmọ́ ẹ sọ òdodo fún un: Odin ò ṣeé fi fóònù ṣe rárá. Linux ni wọ́n ń béèrè, ìyẹn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows.

Ẹ̀gbọ́nKóòdù
Òótọ́ ni. Linux, macOS, tàbí WSL, tó ń jẹ́ kí Linux ṣiṣẹ́ nínú Windows. Ìdí tí mo fi ní freeCodeCamp ló kọ́kọ́ kàn nìyẹn.

ÀbúròTẹ̀ẹ́kì
Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Ṣé ChatGPT ò lè ṣe gbogbo èyí fún un? Èmi máa ń ní kó kọ ọ́ fún mi ni.

Ẹ̀gbọ́nKóòdù
Kó kọ ọ́, kí ta ni kó yé? Ìwọ lọ dá Àdùkẹ́Berlin lóhùn ìbéèrè yẹn.

Tẹ́nì kan bá fẹ́ lo AI, kó lo irú èyí tí CS50 ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ní 2023, pẹ́pẹ́yẹ kan ni wọ́n fi ṣe àmì ẹ̀. Tó o bá bi í ní ìdáhùn, kì í gbé e fún ẹ tán, á bi ìwọ náà ní ìbéèrè. Tàbí kó o ní kí ChatGPT ṣàlàyé àṣìṣe tó o rí, kó má kọ ọ́ fún ẹ.

ỌmọÒròkí
3MTT, ètò ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ èèyàn níṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ńkọ́? Láti 2023 ni wọ́n ti ń gba èèyàn.

BàbáÌbejì
Kó forúkọ sílẹ̀, kò náni ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kó má jókòó dè wọ́n. Kí wọ́n tó pè é, kó ti mọ `int`.

Àṣàkẹ́Aláró
Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Ohun tí mo fẹ́ ṣe rèé, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Màá máa ṣe HTML lórí freeCodeCamp tí iná bá wà, nítorí ọjà màmá mi. Ní alẹ́, màá máa ṣe CS50P. Codecademy, màá fi sílẹ̀ ná. Odin máa dúró di ìgbà tí mo bá tún láptọ́ọ̀pù ṣe. Ohun kan ṣoṣo tó ń dẹ́rù bà mí ni dátà fídíò CS50P. Mo wo ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, ó gùn!

Ẹ̀gbọ́nKóòdù
Ó dáa bẹ́ẹ̀. (Python ti Tísà ló borí, mo ti gbà.)

TísàAyétòrò
Má wò ó lórí afẹ́fẹ́. Mo ti gba gbogbo fídíò CS50P sórí kọ̀ǹpútà mi, èyí tí àwòrán ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ mọ́ tí kì í gba àyè púpọ̀, mo máa ń lò wọ́n ní kíláàsì. Nígbà tí ìjọba Ọ̀ṣun gbé Ọpọ́n Ìmọ̀, táblẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ ilé ìwé, jáde ní 2013, ohun tó dáa jù lára ẹ̀ lójú tèmi nìyẹn: ìwé àti ìbéèrè ìdánwò ti wà nínú ẹ̀, ọmọ ò nílò íntánẹ́ẹ̀tì kó tó kàwé. Fún láptọ́ọ̀pù ẹ, gba Thonny sórí ẹ̀. Ó fúyẹ́, Python ti wà nínú ẹ̀, àwọn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún, gíìgì 4 sì tó o lò. Ṣe iṣẹ́ ẹ níbẹ̀ láìsí dátà. Ìgbà tó o bá fẹ́ fi check50 yẹ̀ ẹ́ wò nìkan ni kó o tan dátà, kó o lọ sórí cs50.dev, kó o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀, kó o jáde.

Mú fláàṣì wá sí Ayétòrò, màá kó àwọn fídíò náà sí i fún ẹ.

ỌmọÒròkí
Tísà, ṣé ìyẹn kì í ṣe olè? Torí èmi náà fẹ́.

TísàAyétòrò
Kì í ṣe olè. Àṣẹ Creative Commons ni wọ́n fi gbé e jáde: èèyàn lè dà á kọ, ó lè pín in fún ẹlòmíì, tó bá ṣáà ti dárúkọ wọn, tí kò sì tà á. Ẹni tó bá lọ tà á ní Old Garage, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀.

ỌmọÒròkí
Èmi ni ẹ ń bá wí yẹn. Ó dáa, mi ò ní tà á. Fláàṣì gíìgì mélòó?

TísàAyétòrò
32 á gbà á. Lẹ́yìn tí ilé ìwé bá parí ni kẹ́ ẹ wá, kì í ṣe kí ó tó parí. Àṣàkẹ́, mú okùn OTG dání, kó o lè wò ó lórí fóònù ẹ náà.